Ẹ Jẹ́ Kí Fúlóò Tọ́ọ̀mù Ó Di Báàsì

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà mí lọ́kàn nípa ìlù tí a ń lù ní àwọn ilé ìjọsìn wa àti ní àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké tí a ti ń ṣe ìnáwó, mo sì rò pé ó yẹ kí n sọ ọ́ síta, kí àwọn ìgbìmọ̀ orin, àwọn olórí ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ràn ìlù lè gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: bí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ olórin kan bá wà nínú yàrá kékeré, tí fúlóò tọ́ọ̀mù kan sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ tuntun àti pẹ́dà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di báàsì, dípò kí wọ́n máa dá owó jọ láti ra báàsì ràgàjì tí yóò gba ìdajì orí pẹpẹ, tí ìró rẹ̀ yóò sì máa mi òrùlé. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rò pé òwe àwọn àgbà ni mo ń tẹ̀lé, èyí tí ó sọ pé bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. N kò tẹ̀lé òwe yẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú yàrá kékeré, ìlù kékeré yìí gan-an ni àdán.

Fún àǹfààní ẹni tí kò sún mọ́ ìlù òyìnbó rí, fúlóò tọ́ọ̀mù ni ìlù olójú méjì tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta ní apá ọ̀tún onílù, èyí tí onílù máa ń yíjú sí nígbà tí ó bá fẹ́ kí ohùn ìlù sọ̀ kalẹ̀. Báàsì ni èyí tí ó dùbúlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ń fi pẹ́dà gbá. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì: igi tí a tẹ̀ ká, ike tàbí awọ ní ojú méjèèjì, róbótó tí ó di ojú náà mú, àti àwọn bóòtù tí a fi ń fà á le. Ìwọ̀n àti ìdúró ni ó yà wọ́n. Fúlóò tọ́ọ̀mù tí ó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní íǹṣì 16, ara rẹ̀ náà sì máa ń gùn tó íǹṣì 16. Àwọn kan jẹ́ 14, àwọn mìíràn jẹ́ 18. Báàsì tí ó wọ́pọ̀ jù lóde òní jẹ́ íǹṣì 22. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ojú 22 fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ojú 16, ìyẹn ni ó sì fi ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ jáde nígbàkígbà tí a bá gbá a. Ní pápá ìṣeré, iṣẹ́ ni afẹ́fẹ́ yẹn ń ṣe. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 30 lọ, tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ táìlì, afẹ́fẹ́ náà kò rí ibi lọ. Yóò kọlu ògiri, yóò padà sẹ́yìn, yóò pàdé òmíràn tí ń bọ̀ lọ́nà, títí ohùn oníwàásù àti ohùn akọrin yóò fi rì sínú ìró tí kò ní orí tí kò sì ní ìdí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ìwọ̀n ilé jẹ́ ìwọ̀n ìlù.

Ẹni tí ó bá rò pé báàsì ti gbọ́dọ̀ tóbi kí ó tó níyì kò tí ì bi ìtàn ìlù náà léèrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, nígbà tí àwọn onílù ní Amẹ́ríkà ń kó ìlù àwọn ológun tí ń yan lójú pópó wọ inú ilé ijó, báàsì tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 28 kì í ṣe ohun àjèjì, nítorí láti inú ìlù ìta gbangba ni wọ́n ti mú un wá. Ṣáájú kí pẹ́dà tó dára tó, onílù a máa fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lu síníà, ìlù pẹlẹbẹ tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an, a sì tún yára ju ọ̀pá kan náà sí ara báàsì, kí ó tó tún sáré padà. Ní ọdún 1909 ni William F. Ludwig àti àbúrò rẹ̀ Theobald dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Chicago láti máa ṣe pẹ́dà tí ó yá tó ẹsẹ̀ onílù, láti ìgbà náà ni ọwọ́ onílù sì ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ báàsì. Nígbà tí ó ṣe, àwọn onílù jáàsì New York, tí wọ́n ń ṣeré nínú ilé ijó abẹ́ ilẹ̀ tí ààyè kò gbà wọ́n, tí wọ́n sì ń kó ìlù wọn kiri nínú takisí, bẹ̀rẹ̀ sí í dín ikùn báàsì kù títí ó fi dé íǹṣì 18. Tony Williams kò ju ọmọ ọdún 17 lọ nígbà tí Miles Davis mú un wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1963, báàsì íǹṣì 18 ni ọmọ náà sì fi ya àwọn àgbà lẹ́nu. Àwọn onílù rọ́ọ̀kì ni wọ́n tún gbé ìwọ̀n náà padà sókè. John Bonham ti ẹgbẹ́ Led Zeppelin lu báàsì íǹṣì 26, kò sì jẹ̀bi, nítorí ó ń ṣeré níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú pápá. Ìjọ tí ènìyàn inú rẹ̀ kò pé ọgọ́rùn-ún kò sí nínú pápá.

Ní ọdún 2013 ni Questlove, onílù ẹgbẹ́ The Roots, bá ilé iṣẹ́ Ludwig ṣe àkójọ ìlù kan tí wọ́n pè ní Breakbeats. Íǹṣì 16 péré ni báàsì rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì fi irin ìgbéga sí i lábẹ́ kí pẹ́dà lè bá àárín ojú rẹ̀ pàdé. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà: ìwọ̀n 16 tí gbajúgbajà onílù àti ilé iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe ìlù fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún jọ fi ọwọ́ sí ni ìwọ̀n fúlóò tọ́ọ̀mù tí ó wà lẹ́yìn pẹpẹ yín, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń jókòó lé lórí. Ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Bí a bá sì yí ojú wá sí ilé, ẹsẹ̀ ta ni ó tíì sọ̀rọ̀ lórí báàsì ju ti Tony Ọládiípọ̀ Allen lọ? A bí i ní Èkó ní ọdún 1940. Ó ti di ọmọ ọdún 18 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ ní ìlù, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ní ọdún 1964 ni ó wọ ẹgbẹ́ Koola Lobitos ti Fẹlá, níbi tí àwọn méjèèjì ti jọ po orin náà pọ̀ títí ó fi di Afrobeat. Kò sì fi ọ̀pá ìlù sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní Paris ní ọdún 2020. Ẹni tí ó bá tẹ́ etí sí ìlù rẹ̀ yóò gbọ́ pé báàsì rẹ̀ kì í rọ́ gbì gbì gbì lójú kan náà bí ọmọ odó. A máa dákẹ́ níbi tí etí ti ń retí rẹ̀, a máa yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí, a máa dá síníà lóhùn, a máa bá háí-hàtì, àwo irin méjì tí ń pàdé ara wọn, jiyàn, a sì tún máa bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí ọwọ́ òsì yóò parí. Báàsì tí ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti ní ohùn tí ó ṣe kedere, ohùn tí yóò bẹ̀rẹ̀ tí yóò sì tán kí èyí tí ó tẹ̀lé e tó dé. Nígbà tí a bá gbé báàsì ńlá sínú yàrá híhá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán. Èyí tí ó kọ́kọ́ sọ ṣì ń ró nínú ògiri nígbà tí èkejì yóò fi dé, àwọn méjèèjì yóò sì ba ara wọn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé kò mọ ìlù lù, ó mọ̀ ọ́n lù. Yàrá ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Ọmọ Àyàn kò ní ṣe àjèjì sí ohun tí mo ń wí. Àyàn Àgalú, ẹni tí ó fún igi ní ẹnu tí ó fún awọ ní ahọ́n, kò fi ìwọ̀n ikùn nìkan pín ipò fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nínú ẹbí dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ṣaworo sì ń bá a kẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú, olójú kan ṣoṣo tí kò ju ohun tí a lè gbé kọ́ ọrùn lọ, ni ó ń di eré náà mú kí ó má bàa fọ́nká, kò sì sí bí àwọn yòókù ṣe lè pariwo tó tí etí kò ní mọ ohùn tirẹ̀ yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Èyí tí ó tún wù mí jù ni ìda, ohun dúdú líle díẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ àárín ojú gúdúgúdú àti ojú òjò bàtá, kí ohùn lè sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì dá ṣáká. Àwọn baba wa ti rí i pé ojú ìlù tí kò fẹ̀ lè ní ohùn tí ó rinlẹ̀, bí a bá mọ ibi tí a ó fi ìwúwo díẹ̀ sí lójú rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kan náà ni a ó nílò tí a bá fẹ́ sọ fúlóò tọ́ọ̀mù di báàsì, èmi kò sì rí ìdí tí àwa tí a ni ọgbọ́n náà yóò fi máa retí kí ilé ìtajà ìlù òyìnbó wá tà á fún wa.

Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Kí a kọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀ irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a sì gbé ìlù náà dùbúlẹ̀ kí ihò ẹsẹ̀ kan wà lókè, kí méjì yòókù sì wà nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ojú tí ọ̀pá ń lù tẹ́lẹ̀ ni yóò kọjú sí onílù. Èyí tí ó ti ń wo ilẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni yóò wá máa wo ìjọ. Ẹni tí ó bá gbá a báyìí láìfi ohunkóhun tì í yóò rí i pé ìlù náà yóò yí gbirigbiri, bí kò bá sì yí, yóò máa sá lọ síwájú bí ẹsẹ̀ ti ń lé e. Àwọn ẹsẹ̀ àtijọ́ kò lè gbà á sílẹ̀, nítorí gbọọrọ ni wọ́n rí, ẹ̀gbẹ́ ara ìlù ni wọ́n sì ń bá lọ. Ọ̀pá irin méjì tí a tẹ̀ ni ó kù, tí yóò gba inú ihò méjì ìsàlẹ̀ yọ síwájú, tí yóò sì ya sọ́tùn-ún àti sósì kí ó tó kanlẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ń ṣe irú ọ̀pá yìí tà pẹ̀lú irin ìgbéga rẹ̀ nínú páálí kan náà, ṣùgbọ́n wẹ́dà tí ó wà ní ìkòríta yín lè tẹ̀ ẹ́ láàárín wákàtí kan, bí ẹ bá mú ẹsẹ̀ àtijọ́ kan lọ fún un láti fi wọn bí irin tuntun náà yóò ti nípọn tó. Kí ó rí i pé iwájú ìlù ga ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀, kí ìlù náà lè fara ti pẹ́dà dípò kí ó máa sá fún un. Kí a fi rọ́bà bọ orí irin náà, kí a sì tẹ́ rọ́ọ̀gì sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn onílù kan tún máa ń so okùn mọ́ ìsàlẹ̀ ìlù, wọn a sì so ó padà mọ́ àga tí wọ́n jókòó lé, kí ìwúwo ara wọn lè di ìlù mú. Ọgbọ́n rere ni, mo sì fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà ni ọ̀rọ̀ gíga. Àárín ojú báàsì íǹṣì 22 ga ju ilẹ̀ lọ ní íǹṣì 11, fún irú gíga bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe òòlù ara pẹ́dà. Àárín ojú ìlù íǹṣì 16 kò ju íǹṣì 8 lọ sí ilẹ̀. Bí a bá gbé pẹ́dà síwájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, orí òòlù yóò máa ba apá òkè, nítòsí róbótó, níbi tí ohùn kò ti ní ìsàlẹ̀, kìkì ìró fẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò sì máa jáde. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n ń ti ọ̀pá òòlù náà wọlẹ̀ kí ó lè kúrú. Yóò bá àárín pàdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òòlù tí ó kúrú kò ní agbára bí èyí tí ó gùn, ẹsẹ̀ onílù yóò sì máa ṣe wàhálà láti rí ohùn tí ó yẹ kí ó wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tí ó dára jù ni kí a gbé ìlù náà sókè ní íǹṣì 2 sí 3. Pátákó irin kékeré kan ni wẹ́dà yóò gé, tí yóò ní ìkọ́ méjì lókè tí yóò di róbótó ìsàlẹ̀ ìlù mú, tí yóò sì ní etí pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ tí pẹ́dà yóò gbá mú. Pátákó yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí róbótó fúlóò tọ́ọ̀mù jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí pẹ́dà tí a ṣe fún róbótó igi kì í lè gbá mú dáadáa. Bí a bá fi agídí dè é mọ́ ọn, róbótó náà yóò wọ́, ojú ìlù kò sì ní fà dọ́gba mọ́ láéláé. Kí a gé rọ́bà túùbù táyà sáàárín irin àti irin, kí ó má bàa máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìlù bá ti dúró, ó ku kí a fún un ní ohùn. Láti ọdún 1957 tí Remo Belli ti dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ojú ìlù oníke ti ń gba ipò awọ ẹran, oníke náà ni yóò sì wà lára ìlù tí ẹ ní. Bí ó bá ti gbó, tí ọ̀pá ti lu àárín rẹ̀ ní àlùfọ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí ojú ìlù tí ó ti kú. Èyí tí ó ní ìpele méjì ni ó dára jù fún ìhà tí òòlù yóò máa gbá. Kí onílù tú gbogbo bóòtù títí ojú náà yóò fi rọ̀, kí ó fi ìka dì wọ́n títí wọn yóò fi kan irin, kí ó wá mú kọ́kọ́rọ́ ìlù kí ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ìyípo, láti èyí sí èyí tí ó kọjú sí i ní òdìkejì, kí ó má ṣe lọ yíká bí ẹni ń ka ilé ní àdúgbò. Ní ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan ni yóò ti máa fi ìka kàn án wò, tí yóò sì máa fetí sí bóyá ohùn ibí yìí bá ti ọ̀hún mu. Nígbà tí ìwúnjọ ojú náà bá ti tán, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohùn orin, kí ó dúró. Kí ó fa ojú iwájú le díẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Kí ó wá mú aṣọ inura àtijọ́, kí ó gé e ní ìbú íǹṣì 2, kí ó tẹ́ ẹ gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ sábẹ́ ojú tí òòlù ń gbá kí ó tó di róbótó padà. Aṣọ yìí ni ìda tiwa.

Mo fẹ́ kí gbogbo onílù ṣọ́ra fún ìrọ̀rí. Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ibi pé bí báàsì bá ti pariwo jù, wọn a gé ihò gbàǹgbà sí ojú iwájú rẹ̀, wọn a sì ki ìrọ̀rí tàbí fóòmù sínú rẹ̀ títí ikùn rẹ̀ yóò fi kún. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ra máìkì sínú ikùn kan náà láti dá ohùn tí wọ́n pa padà. Báàsì ńlá lè fara da èyí, nítorí ikùn rẹ̀ fẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìlù íǹṣì 16, ó di àpótí tí ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì ni ó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín wọn ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má ṣe dí wọn lẹ́nu.

Àwọn onílù àgbà kan yóò sọ pé kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kí ó má rùn ìgbẹ́, pé fúlóò tọ́ọ̀mù ni yóò ṣì máa dún bíi fúlóò tọ́ọ̀mù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí a bá ní kí ojú 16 sọ̀ kalẹ̀ tó ojú 22 gan-an, ìṣirò fi hàn pé ìfà rẹ̀ ní láti dín kù tó nǹkan bí ìdajì, nígbà tí ìfà bá sì ti dín kù tó bẹ́ẹ̀, ojú náà á rọ̀ jọ̀bọ̀, kò ní ta òòlù padà mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ń wá ohùn ìlù 22 nínú ìlù 16 ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé ohùn 22 nìkan ni ohùn báàsì? Ìlù kékeré ní ibi tí ohùn rẹ̀ gbé ń dùn, ó ga díẹ̀ ju ti ńlá lọ, ó sì yá ní kíá. Onílù tí ó ní sùúrù yóò rí ibẹ̀. Yóò sì bá jita báàsì gbé láìjà, nítorí ìlù ńlá àti jita báàsì a máa du ìsàlẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nígbà tí ìlù kékeré yóò fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún jita, tí yóò sì dúró díẹ̀ lókè rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ ṣe ìsọjí ní pápá, ẹ gbé báàsì ńlá lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé fúlóò tọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí ẹ ní ni èyí tí ó wà lára ìlù tí ẹ ń lò, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, nítorí ẹ ó pàdánù ohùn ọwọ́ ọ̀tún onílù. Ìlù tí ó wà nílẹ̀ láìríṣẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ó sì pọ̀ ju bí a ti rò lọ.

Ọ̀ràn kan wà tí mo dúró lé gidigidi: ẹ má ṣe lu ihò sí ara ìlù náà. Àwọn kan máa ń yọ róbótó irin, wọn a fi róbótó igi àti ìkọ́ bíi ti báàsì gidi rọ́pò rẹ̀, wọn a sì lu ihò sí igi láti de ẹsẹ̀ tuntun mọ́ ọn. Ó máa ń rẹwà, bí káfíńtà bá sì mọ iṣẹ́, ó máa ń dún dáadáa. Ṣùgbọ́n ihò tí a bá lu sí ara igi kì í dí, àti pé ọmọ tí yóò lo ìlù náà lẹ́yìn wa lè fẹ́ kí ó tún dìde dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ lókè yìí ṣeé tú láàárín wákàtí kan. Ìlù náà yóò padà sí bí ó ti wà, kò ní sí ojú àpá lára rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣì ń wo irú iṣẹ́ yìí bí iṣẹ́ tálákà, kí ó rántí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Cuba. Àwọn kan nínú wọn tún bàtá ṣe lọ́hùn-ún, tí àwọn ìlù bàtá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní ìyá, itótele àti okónkolo fi ń ki òrìṣà níbẹ̀ títí di òní. Ní èbúté Havana àti Matanzas sì ni àwọn ènìyàn dúdú ti sọ àpótí tí a fi kó ẹja gbígbẹ wọlé di ìlù, tí wọ́n fi ń ṣe rumba. Àpótí ẹja ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbọ́ ohùn tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jókòó lé e lórí, wọ́n ń lù ú. Ní ọdún 2016, àjọ UNESCO kọ rumba Cuba mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ìran ènìyàn. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tọrọ àforíjì nítorí àpótí.

Ariwo náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mọ́. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASEPA tí ń mójú tó àyíká ti ti ilé ìjọsìn àti ilé ìgbafẹ́ pa nítorí ariwo, àwọn aládùúgbò sì ń ṣàròyé níbi gbogbo, láti ọ̀dọ̀ ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò rí oorun sùn títí dé ọ̀dọ̀ arúgbó tí àyà rẹ̀ ń já. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni í ya. Kí ó tó ya, àárín ìjọ àti àdúgbò yóò ti ya. Báàsì kékeré kò ní fi òpin sí gbogbo rẹ̀, nígbà tí sípíkà méjì bá dojú kọ òpópónà, ṣùgbọ́n báàsì tí kò nílò máìkì nínú yàrá kékeré mú ohun ńlá kan kúrò nínú ariwo náà láti orísun rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ orin bá tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìlù, kí wọ́n pe ọmọ tí ń lù ú wọlé, kí wọ́n má ṣe fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni pé owó nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Kí wọ́n wọn yàrá. Kí wọ́n lọ wo ẹ̀yìn pẹpẹ àti inú yàrá ìkẹ́rùsí, kí wọ́n nu eruku ara fúlóò tọ́ọ̀mù tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì ka bóòtù rẹ̀ bóyá ó pé. Kí wọ́n san owó wẹ́dà, kí wọ́n ra ojú ìlù tuntun méjì àti pẹ́dà kan tí ó dúró dáadáa, kí wọ́n sì fi ohun tí ó bá ṣẹ́ kù nínú owó báàsì ńlá náà gba olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń fa ojú ìlù láti bóòtù kan sí èyí tí ó kọjú sí i.